Àwọn Ẹja Tí Bàbá Mi Wọ̀n

Brest, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, 2015

Sí bàbá mi Jílánì àti ìyá mi Sálíhà,

Àsàlámù àlékúmù. Mo fi ẹnu kan orí ẹ̀yin méjèèjì láti ìlú tí òjò rẹ̀ kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyá mi, orúnkún yín ńkọ́? Bàbá, ṣé ara le, ṣé òkun ń gbọ́ràn? Mo mọ̀ pé a sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ṣùgbọ́n lórí fóònù, "kò séwu, kò séwu" ni gbogbo wa ń wí títí káàdì á fi tán. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi ní èbúté pé kí n máa kọ̀wé.

Ẹ bi mí léèrè ohun tí mo wá kọ́ gan-an, mo sì sọ pé ẹja. Ẹ rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí nìyí. Níbí, a kì í béèrè orúkọ ẹja nìkan. À ń béèrè bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí ojú rẹ̀ ṣe tóbi tó, bí ìrù rẹ̀ ṣe rí, bóyá inú koríko òkun ló ń yé sí tàbí ojú omi gbalasa. Àbùdá ni wọ́n ń pè é. Bí òkun bá yí padà, àbùdá ẹja ni yóò sọ èyí tí yóò kú àti èyí tí yóò kù.

Ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ni orúkọ rẹ̀: R. Kò ní nǹkan kan tí èèyàn lè tẹ̀ kó ṣí. Ojú-ewé òfìfo ni, èèyàn fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ọ̀rọ̀ sí i. Bí èèyàn bá ṣi kọ́mà kan fi sí, yóò fi lẹ́tà pupa bú u.

Màdáàmù Kérbrà, olùkọ́ mi, ní kí kálukú wá ẹja tí yóò fi ṣiṣẹ́. Àwọn tó kù mú ẹja Brest. Mo ní èmi ní òkun tèmi, bàbá mi sì ní ọgbà nínú rẹ̀ tó fi ń dẹ ẹja. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ti ń kó ẹja jáde nínú ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ wa, ẹ bá mi wọn díẹ̀ nínú búrì, díẹ̀ nínú wùrátà, díẹ̀ nínú ṣẹ́lbà: gígùn ara, ìbú ẹnu, ìbú ojú. Rúlà ike àti bébà wà nínú àpò ìwé yìí. Kò sẹ́ni tí mo lè fọkàn tán níbi ẹja bí ẹ̀yin.

Ọmọ yín,
Mùfídà

Kraten, Erékùṣù Kerkennah, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá, 2015

Mùfídà ọmọ mi,

Àlékúmù sàlámù. Lẹ́tà rẹ dé. O béèrè orúnkún ìyá rẹ, o kò béèrè àyà rẹ̀ tó ń já láti ọjọ́ tí o ti lọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹ kúskúsù tàbí búrẹ́dì lásán lo fi ń gbé ẹ̀mí ró. Ó tún ní o máa ń rù tí o bá ń kàwé. Mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó sanra nínú ìran wa rí, ó bá ranjú mọ́ mi.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún wọn ní ilé kọfí. Háṣímì, ọ̀rẹ́ mi tí o mọ̀, fi ago kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Jílánì, ọmọ rẹ wọkọ̀ lọ sí Faransé nítorí àtimọ bí ẹnu ẹja ṣe fẹ̀ tó? Bó bá jẹ́ ẹnu tó fẹ̀ ló ń wá, kó padà wá wọn ti ìyàwó mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Inú mi dùn bákan náà. Kò sí nínú wọn ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àfi owó.

Ọgbà wa dára. Mo ri imọ̀ tuntun sí i lẹ́yìn ooru, ẹja sì ń wọlé bó ṣe yẹ. Mo ti wọ̀n wọ́n fún ọ. Mo fi pẹ́ńsù kọ wọ́n ní ìlà-ìlà, búrì lókè, wùrátà láàárín, ṣẹ́lbà nísàlẹ̀. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì kí ojú-ewé lè mọ́. Bí kò bá tó, sọ fún mi, màá tún fi òmíràn ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan. Bó bá jẹ́ pé ẹja Kraten lo fẹ́ wọ̀n, ṣé o kò lè dúró ní Kraten kí o wọ̀n ọ́n? Má dáhùn. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni. Ra ìbọ̀sẹ̀ onírun fún ìyá rẹ, èyí tó ga dé orúnkún.

Bàbá rẹ,
Jílánì

Brest, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní, 2016

Bàbá mi, Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún. Ẹ kú òtútù. Ìbọ̀sẹ̀ Ìyá wà lọ́wọ́ Nábílì ará Remla tó ń bọ̀ wálé. Ẹ sọ fún Ìyá pé mo ń jẹun, kúskúsù pọ̀ níbí, àfi pé inú páálí ló ń gbé, kò sì ní òórùn kankan.

Bàbá, ẹja yín dé, mo sì fẹ́ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Tábìlì mẹ́ta, ìyẹn àkọsílẹ̀ onílà-ìlà bíi tiyín, la máa ń gbé fún R. Èkíní ń sọ irú ẹja tí a rí níbì kọ̀ọ̀kan. Èkejì ń sọ bí ibẹ̀ ṣe rí: bí omi ṣe gbóná tó, bóyá koríko wà tàbí iyanrìn lásán ni. Ẹ̀kẹta ń sọ àbùdá ẹja kọ̀ọ̀kan. Ètò náà ni yóò wá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kó fi hàn wá bóyá ibi tí ẹja ń gbé ló ń yan irú ẹnu àti irú ara tí ẹja ibẹ̀ ní.

Kò kọ́kọ́ gbà. Mo bá a jà débi tí mo fi sunkún nínú yàrá ìkàwé. Mo ti fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ ṣẹ́lbà níbì kan, mo fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbòmíràn. Lójú rẹ̀, ẹja méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọmọ ilẹ̀ yìí kan tó jókòó tì mí ní, "Kì í ṣe pé ó le, ńṣe ni kò lè méfò." Òótọ́ ló sọ. Ohun tí èèyàn bá sọ fún un ló gbọ́, kò ní bá a parí rẹ̀.

Ọjọ́ tó gbà, àwòrán kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ẹja kọ̀ọ̀kan di àmì kékeré kan. Búrì kó ara wọn jọ sápá ọ̀tún, ṣẹ́lbà lọ sókè, bí àlejò tó mọ àga tirẹ̀ nínú ilé. Màdáàmù Kérbrà dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ní, "Ta ló wọn èyí? Ó mọ́ tónítóní." Mo ní bàbá mi ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ̀rọ̀ kan sókè nínú kíláàsì.

Wọ́n ti fẹ́ kí n fi ẹja Kraten ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Bó bá dára, wọn yóò gbà mí síwájú sí i fún ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ bá mi wọn púpọ̀ sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò díẹ̀. Nǹkan mìíràn: mo kà á pé akàn aláwọ̀ aró kan ti dé òkun Gabès, tó ń jẹ ẹja nínú àwọ̀n. Ṣé kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa?

Mùfídà

Kraten, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta, 2016

Mùfídà,

A dúpẹ́, a wà láàyè. Ìyá rẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó sì ń gbé e han gbogbo obìnrin àdúgbò bí ẹni ra góòlù.

Akàn tí o béèrè ti dé, díẹ̀díẹ̀. Dáẹ́ṣì, orúkọ àwọn apániláyà yẹn, làwọn èèyàn ń pè é níbí, nítorí pé ibi tó bá wọ̀, kò ní fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Háṣímì ní ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èyí ṣeé fi ata sè. Má jẹ́ kí ó dà ọ́ láàmú. Kò tíì ṣe ọgbà tiwa ní nǹkan kan.

Mo fi ìwọ̀n ẹja mìíràn sínú lẹ́tà yìí. Wọ́n pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. O ní kí n ya fọ́tò. Fóònù mi kò ní ojú tó dára, ọwọ́ mi sì máa ń tutù lórí omi. Ṣé ọwọ́ bàbá rẹ kò tó ọ mọ́ ni, tí o fi ń wá ẹlẹ́rìí?

O kò sọ ọjọ́ tí wàá wálé. Ìyá rẹ ti ń ka oṣù sí ààwẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń kàwé kì í ka ọjọ́. Irọ́ ni mo pa fún un, o kò ṣáà ní tú mi fó.

Jílánì

Brest, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin, 2016

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ òkun. Ẹ̀yin nìkan ni mo kọ èyí sí, ẹ má kà á sókè ní ilé kọfí.

Bí ẹ ṣe mọ ẹja, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí jù mí lọ. Ẹja kékeré a máa ní ojú ńlá, bí ọmọ tuntun. Bí ara rẹ̀ bá ń gùn, ojú kì í bá a sáré. Nítorí náà, tí a bá to àwọn àmì wọn sórí àwòrán, gígùn ara nísàlẹ̀, ìbú ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n máa ń tẹ̀ bí ọrun. Ẹja Brest tẹ̀. Ẹja Gabès tí àwọn ẹlòmíràn wọ̀n tẹ̀. Màdáàmù ní kí n ya ti Kraten náà kí a lè rí i.

Ti Kraten kò tẹ̀. Ó lọ tààrà bí okùn tí a fà le. Ẹja tó gùn ní ìlọ́po méjì, ojú rẹ̀ náà jẹ́ ìlọ́po méjì, ẹnu rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó yà sápá kan. Mo rò pé èmi ni mo ṣi àṣẹ kọ. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún àwọn ìwọ̀n yín tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Okùn yẹn náà ló tún yọ.

Màdáàmù pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Mùfídà, kò sí òkun tó bí àwọn ẹja yìí. Ẹnìkan jókòó ṣe wọ́n ni. Ta ni?" Wọ́n ní bí èmi bá ni, kí n tètè sọ.

Bàbá, mi ò fi ẹ̀sùn kan yín. Bóyá ẹ wọn ọ̀kan, ẹ sì fi ojú inú ṣírò àwọn tó kù nítorí òtútù. Bóyá rúlà tí mo fi ránṣẹ́ ló bàjẹ́. Ẹ kàn sọ bó ṣe rí fún mi. Ohun tí ẹ bá sọ ni mo máa gbà.

Mùfídà

Kraten, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún, 2016

Mùfídà,

Mo ti wà lórí omi kí a tó bí ìyá ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà yẹn. Ó ṣe tán, ẹ̀rọ ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa bàbá rẹ, o sì jókòó gbọ́ ọ. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà, o fi sítáǹpù lé e, o fi ránṣẹ́ sí mi kí n kà á fúnra mi.

Ìwọ lo ní kí n wọn ẹja. Mo wọ̀n ọ́n. Bí ẹja kò bá tẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́.

Ìyá rẹ kí ọ.

Jílánì

Brest, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà, 2016

Bàbá mi,

Ààwẹ̀ ku ọ̀la-ọ̀tunla. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó bá wa nínú ìbínú. Mo pè yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀mélòó kan, Ìyá ló ń gbé e, wọ́n á ní ẹ ń sùn. Ẹ̀yin kì í sùn lọ́sàn-án.

Wọ́n ti gbé mi dé iwájú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwọn mẹ́ta ni, Màdáàmù sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Ọkùnrin kan nínú àwọn mẹ́ta náà bi mí pé, "Ta ló wọn àwọn ẹja yìí?"

Mo ní, "Èmi ni mo kó wọn wá. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ náà."

Ó ní, "Ìyẹn kọ́ la béèrè."

Mo ní, "Èmi kò ní èsì mìíràn."

Mo mọ̀ pé tí mo bá dárúkọ yín, ó lè tán síbẹ̀ fún mi. Mi ò lè la ẹnu sọ níwájú àjèjì pé bàbá mi purọ́, pàápàá nígbà tí ẹ̀yin sọ pé ẹ kò pa á. Màdáàmù bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n wá ẹja díẹ̀ sí i láti ibẹ̀ kan náà, kí ẹja àti rúlà hàn nínú fọ́tò, kí àwọn lè fi wé ti tẹ́lẹ̀ kí àwọn tó dájọ́. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n dá fún mi.

Bí ọgbà bá dára bí ẹ ṣe wí, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni. Ẹja díẹ̀ péré. Ẹ ní kí ọmọ Háṣímì bá yín ya fọ́tò. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sí mi pé kò ṣeé ṣe, kí n mọ ohun tí màá sọ.

Mo bẹ̀ yín.
Mùfídà

Kraten, ọjọ́ kejìlá oṣù keje, 2016

Mùfídà ọmọ Sálíhà,

Ìyàwó Háṣímì ló ń bá mi kọ ọ́. Ohun tí mo bá sọ ló ń kọ, mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i.

Bàbá rẹ kò kú. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí o lè jókòó ka ìyókù. Ọsibítù ló wà ní Sfax, omi wọ inú àyà rẹ̀. Okùn ti gé iṣan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àwọn dókítà sì sọ pé ìka méjì kò ní ká mọ́. Mi ò sọ fún ọ lórí fóònù nítorí o máa sunkún, káàdì á tán, n kò ní rí nǹkan kan sọ.

Lẹ́tà rẹ ló gbé e lọ sókun. O ní kó lọ sí ọgbà, kó wọn ẹja. Ọgbà wo? Mùfídà, kò sí ọgbà. Àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun ti hú u kí o tó wọkọ̀ lọ. Ìyókù tó wà nílẹ̀, akàn yẹn jẹ àwọ̀n ìdí rẹ̀ tán. Bàbá rẹ ń ṣọ́ ilé àwọn àjèjì kan létíkun. Àga ike kan ni wọ́n gbé fún un sí ẹnu géètì. Orí àga yẹn ló ti ń kọ ẹja ránṣẹ́ sí ọ. Mo ń rí i. Yóò lá ẹnu pẹ́ńsù, yóò ronú, yóò kọ. Mo ní, "Jílánì, kí lo ń ṣe?" Ó ní, "Mò ń ran ọmọ mi lọ́wọ́." Mo dákẹ́. Ẹ̀bi tèmi náà nìyẹn, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e.

Nígbà tó ka lẹ́tà rẹ tán, ó yá ọkọ̀ Háṣímì, ó lọ sí ibú, níbi tí koríko ṣì wà. Ó ń gbààwẹ̀. Mo ní kó mú omi dání, ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kèfèrí. Afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn dìde lọ́sàn-án, ó sì gbá ọkọ̀ lu òkìtì iyanrìn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i, ó dì mọ́ òpó ọgbà ẹlòmíràn tó ti bàjẹ́. Wọ́n tú ẹ̀wù lára rẹ̀, ẹja mẹ́rin ló dì sínú rẹ̀, ó so ó mọ́ ìbàdí. Ohùn kò jáde dáadáa lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Wọ̀n wọ́n fún Mùfídà, kí wọ́n tó bàjẹ́."

Mi ò wọn nǹkan kan. Mo sè wọ́n tojú tẹnu, mo gbé wọn fún àwọn tó wá a rí kí wọ́n fi ṣínu. Mi ò kábàámọ̀. Ìwọ àti bàbá rẹ ti fi ẹja tan ara yín tó. Òun ń tàn ọ́ pé òkun kún, ìwọ ń tàn án pé Faransé dùn. Ta ló sọ fún yín pé a ò lè gbọ́ òótọ́ kí a má kú?

Ó ń kí ọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Ìyá rẹ, Sálíhà

Brest, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, 2016

Ìyá mi, Bàbá mi,

Lẹ́tà Ìyá wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi fún ìgbà pípẹ́ kí n tó lè mú bébà. Mi ò lè wá. Bí mo bá jáde nílẹ̀ yìí báyìí, ìwé ìgbélùú mi kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́, iṣẹ́ tó kù yóò sì ṣòfò. Mo mọ̀ bí ìyẹn ṣe ń dún létí ẹni tó jókòó ti ibùsùn ọsibítù.

Ìgbìmọ̀ ti dájọ́. Wọn kò lé mi. Wọ́n ní kí n fi ẹja Gabès tí àwọn ẹlòmíràn wọ̀n ṣe iṣẹ́ kékeré kan, kí n gba ìwé ẹ̀rí, kí n máa lọ ilé. Ọdún mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ fi kún un ti lọ. Mò ń fọ àwo ní ilé oúnjẹ kan báyìí kí n lè san owó yàrá títí tí màá fi parí. Ìyá, ẹ ní a kì í sọ òótọ́. Òótọ́ nìyẹn.

Bàbá, mi ò ní purọ́ pé mi ò bínú. Mo bínú. Nígbà tí ẹja yín kọ́kọ́ yọ lójú kọ̀ǹpútà, mo fi ọwọ́ kan gíláàsì rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́. Bí ẹ bá ti sọ fún mi pé kò sí ọgbà mọ́, ǹ bá ti mú ẹja Brest bí àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bínú tán, mo máa ń rántí pé èmi ni mo kọ ọ́ pé "iṣẹ́ òwúrọ̀ kan ni." Èmi ni mo rán yín sínú afẹ́fẹ́ yẹn. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń tọrọ àforíjì irú èyí.

Mo ṣì ní àyè kan nínú tábìlì mi tí mo kọ Kraten sí. Mi ò tíì lè pa á rẹ́, n kò sì mọ ohun tí màá kọ sí i.

Mùfídà

Kraten, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, 2016

Mùfídà,

Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ èyí. Bí o kò bá lè kà á, fi sílẹ̀.

Mo ti wà nílé. Mò ń wúkọ́. Ìyá rẹ ń fún mi ní ọbẹ̀ ọkà bálì bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tí ìwé tí wọ́n fi gbà ọ́ dé, ọgbà ti lọ. Bí mo bá sọ ọ́, o kò ní wọkọ̀. Mo mọ̀ ọ́. Wàá ní o fẹ́ dúró tì wá. Mo ní jẹ́ kó lọ ná, màá sọ ọ́ tó bá yá. Lẹ́yìn náà ni o wá kọ̀wé pé o fẹ́ ẹja. Inú mi dùn débi pé n kò lè sọ pé kò sí.

N kò fi ọgbọ́n kankan ṣe é. Mo rántí ẹja kan, mo kọ ọ́, mo sì fi ìyókù pọ̀ sí i. Ojú ẹja tí o sọ yẹn, òótọ́ ni, kì í bá ara dàgbà. Àádọ́ta ọdún ni mo fi wo ojú wọn. Lórí àga yẹn, n kò rántí.

O kò dárúkọ mi fún wọn. Háṣímì ní ó yẹ kí n fi yangàn. N kò lè fi yangàn. Ò bá kúkú ti dárúkọ mi. Kí ni wọn ì bá fi mí ṣe, èmi tí mo wà ní Kraten?

O béèrè ohun tí wàá kọ. Wọ́n gbé mi lọ síbi tí ọgbà wa wà ní ọjọ́ Ẹtì, nínú ọkọ̀ Háṣímì. Mo wò ó dáadáa. A ju àwọ̀n, a dúró, a fà á. Akàn nìkan ni. Kò sí búrì, kò sí wùrátà, kò sí ṣẹ́lbà. Kọ òdo. Kọ ọ́ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí, mo wọ̀n ọ́n.

Bàbá rẹ

Brest, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án, 2016

Bàbá mi,

Mo ka ọwọ́ òsì yín láìṣi ọ̀rọ̀ kan.

Mo tẹ òdo sí i bí ẹ ṣe wí. R kọ̀ ọ́. Ó ní ibi kan wà nínú tábìlì mi tí kò ní ẹja rárá, pé irú ibẹ̀ kò ní àbùdá tí a lè ṣírò, kí n yọ ọ́ kúrò kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀síwájú.

Mo gbé e lọ bá Màdáàmù Kérbrà. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ẹni tó ṣe ẹja àkọ́kọ́ ló wọn èyí?"

Mo ní, "Òun ni. Bàbá mi ni."

Wọ́n ní, "Èyí dá a lójú?"

Mo ní, "Ó dá a lójú."

Wọn kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Wọ́n bá mi yọ Kraten kúrò nínú tábìlì, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì ní kí n kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: Ní Kraten, a ju àwọ̀n síbi tí ọgbà ẹja wà tẹ́lẹ̀, a kò rí ẹja kankan tí a lè wọ̀n, Jílánì, apẹja, ló rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi orúkọ yín sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́.

Mo ti gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀. Ìwé ìgbélùú mi yóò parí lóṣù tó ń bọ̀, ọkọ̀ mi yóò sì gúnlẹ̀ kí ó tó parí. N kò ní mú nǹkan kan bọ̀ ju ìwé ẹ̀rí kékeré yìí lọ. Ẹ sọ fún Ìyá kí wọ́n má se àsè, kí wọ́n má pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ má wá pàdé mi ní Sfax. Òtútù yóò ti bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ èbúté kò sì dára fún àyà yín. Mo mọ ọ̀nà ilé.

Ọmọ yín,
Mùfídà